Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Bí Àwọn Baba Wa Ṣe Dáàbò Bo Ara Wọn, àti Ohun Tó Kù Sí Wa Lọ́wọ́

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn tó ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan nípa ìtàn, nítorí pé èmi ni ẹgbẹ́ máa ń pè ní "tíṣà". Mo lè kọ nípa aṣọ ẹgbẹ́, nípa ẹṣin àti Ojúde Ọba. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọdún kẹta tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ.

Ní òru ọjọ́ kan ní ọdún náà, àwọn adigunjalè wọ ilé ọ̀kan nínú wa. Ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé mi. Mo gbọ́ igbe rẹ̀. Mo gbọ́ orúkọ mi nínú igbe náà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo dìde, mo pa iná pálọ̀, mo kó àwọn ọmọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àdúgbò ṣe. Iná ń kú láti ilé dé ilé. Wọ́n ṣá a ládàá lápá, wọ́n kó ohun tí wọ́n fẹ́ kó, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Nígbà tí a pàdé ní ìpàdé oṣù, ó wò mí lójú, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mo rí iná ẹ nígbà tó kú." Kò gbé ohùn sókè. Láti ọjọ́ náà, kò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, àfi nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ ìwé yìí. Ó ní kí n kọ ọ́.

Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi láti ìgbà náà ni pé: àwọn baba wa tí wọ́n gbé láàárín ogun fún ohun tó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ni wọ́n ń ṣe nígbà tí igbe bá ta lóru? Mo kà á, mo bi àwọn àgbà. Díẹ̀ nínú ohun tí mo rí nìyí.

YÀRÀ, ODI ÀTI ONÍBODÈ

Àwa Ìjẹ̀bú kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Erédò Sùngbọ́ ń bẹ nínú igbó wa títí di òní. Àwọn tó wọ̀n ọ́n ní gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi 160 kìlómítà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkè erùpẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó 20 mítà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ti tó 1,000 ọdún tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Kò sí katakata nígbà náà. Ọwọ́ ni, ọkọ́ ni, agbọ̀n ni. Ẹni tó bá dúró nínú yàrà náà tó wòkè yóò mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan, kì í ṣe iṣẹ́ ìdílé kan. Àwọn tó gbẹ́ ẹ ti gbà pé ewu tó ń bọ̀ wá bá ẹnì kan, gbogbo wọn ló ń bọ̀ wá bá.

Àwọn ìlú Yorùbá tó kù náà ní yàrà àti odi tiwọn. Ṣùgbọ́n odi kò ní ojú. Oníbodè ni ojú odi. Òun ló ń jókòó sẹ́nu bodè, tó ń gba owó bodè, tó sì ń mọ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, ibi tó ti ń bọ̀ àti ilé ẹni tó ń lọ. Àlejò tí kò bá lè dárúkọ ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú ìlú yóò ṣàlàyé ara rẹ̀. Lóru, àwọn ọdẹ ló ń ṣọ́ ìlú, nítorí pé wọ́n mọ igbó, wọ́n mọ òkùnkùn, wọ́n sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìró ẹsẹ̀ ẹranko àti ti ènìyàn. Ẹni tó bá ń lọ oko tàbí ọjà nígbà ogun kì í dá lọ. Àwọn oníṣòwò máa ń kó ara wọn jọ ní ọ̀wọ́, àwọn tó ní ìbọn a sì máa tẹ̀ lé wọn.

Níbo ni ẹgbẹ́ bíi tiwa wà nínú gbogbo èyí? Ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń pín iṣẹ́ ìlú. Àwọn tí a bí ní àsìkò kan náà ni a ń pè papọ̀ láti yẹ ọ̀nà, láti tún ààfin àti odi ṣe, àti láti dáhùn nígbà tí ìlú bá wà nínú ewu. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí Awùjalẹ̀ Sikiru Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960, sọ jí fún wa, tí a fi ń wọ aṣọ kan náà lọ sí Ojúde Ọba lónìí, iṣẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di aṣọ.

ÒWÚRỌ̀ KAN NÍ ÒṢOÒGÙN

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé odi nìkan tó. Ní 1821, ogun wọ ìlú Òṣoògùn. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ bí ọdún 12, Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Òun náà ló padà di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Nígbà tó dàgbà, ó kọ ìtàn ọjọ́ náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, mo sì rọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa pé kí wọ́n wá a kà.

Ó ní ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ìròyìn dé pé ogun ń bọ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi yí ìlú ká. Òṣoògùn ní ọgbà yíká, ó sì ní bodè mẹ́fà. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin kan kò sí nílé ní ọjọ́ náà. Àwọn tó wà nílé ní láti ṣọ́ bodè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí wọ́n sì tún ṣọ́ àwọn ibi tí ọgbà ti ya. Wọ́n gbìyànjú fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ogun sì wọlé. Àwọn ìyá gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n sá wọ igbó tó díjú, ẹ̀gún ń fà wọ́n ya, àwọn ológun sì ń ju okùn sí wọn lọ́rùn bí ẹni ń mú ewúrẹ́.

Ohun kan wà nínú ìtàn náà tí mi ò lè gbàgbé. Àjàyí ní ọrun àti ọfà márùn-ún lọ́wọ́ nígbà tó ń sá lọ. Nígbà tí ó fi máa rántí pé òun ní ohun ìjà, ọrun ti há sínú igbó níbi tó ti ń já ara rẹ̀ gbà. Kò ta ọfà kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ ní ìpàdé pé kí olúkúlùkù wa ra ìbọn, ẹ jẹ́ ká ro ìtàn ọrun Àjàyí. Ohun ìjà tí a kò múra sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, inú igbó ló ń há sí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ibi tí ọgbà Òṣoògùn ti ya ni ìparun wọn ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé ọfà wọn kò tó.

BODÈ ARÓ, 1851

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ìlú mìíràn rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Àwọn Ẹ̀gbá tó sá wá sí abẹ́ Olúmọ ní 1830 mọ ohun tí ogun ń ṣe, nítorí pé ogun ló lé wọn dé ibẹ̀. Nígbà tó di 1851, wọ́n ti gbọ́ ṣáájú pé Gezo, ọba Dahomey, ń múra láti kọlù wọ́n. Wọn kò fi ìròyìn náà ṣeré. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún odi wọn ṣe.

Ọmọ ogun Dahomey gba Ìṣàgá kọjá. Àwọn ará Ìṣàgá kò lágbára láti bá wọn jà, wọ́n sì túúbá. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ọba nímọ̀ràn pé kí ó má kọlu Abẹ́òkúta lóru, ọ̀sán gangan ló dára, kí ó sì gba bodè Aró wọlé. Bẹ́ẹ̀ apá ibẹ̀ gan-an ni àwọn Ẹ̀gbá ti tún odi ṣe. Ìṣàgá tún yọ́ ránṣẹ́ sí àwọn Ẹ̀gbá. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta 1851, ogun dé bodè Aró, wọ́n bá àwọn Ẹ̀gbá lórí odi, wọ́n ti ń retí wọn. Dahomey padà sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin jagunjagun wọn sì ṣubú sínú yàrà.

Ìròyìn ló kọ́kọ́ ja ogun náà kí ìbọn tó dún. Ẹni tó gbọ́ sọ, ẹni tí a sọ fún sì gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí iye tó ná Ìṣàgá. Dahomey padà wá bá wọn ní 1862, wọ́n sì run ìlú náà. Ẹni tó bá ta ọmọnìkejì rẹ̀ lólobó máa ń fi ara rẹ̀ wewu. Nítorí náà, àdúgbò tó bá fẹ́ kí wọ́n máa sọ òótọ́ fún òun gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń bo ẹni tó sọ òótọ́.

Nígbà tí Dahomey tún wá ní 1864, wọ́n tún bá Abẹ́òkúta ní ìmúrasílẹ̀. Ní ọdún náà ni wọ́n fi Ẹfúnróyè Tinúbú jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá, nítorí ipa tó kó nípa pípèsè ohun ìjà fún àwọn tó ń gbèjà ìlú. Kò gbé ìbọn lọ sórí odi, ṣùgbọ́n ìbọn tó wà lórí odi kò lè dún láìsí i. Ààbò ìlú kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin nìkan.

AKIN TÓ MỌ AKÍNSÁ

Ìtàn kan tún wà tó kan àwa gan-an. Ní oṣù karùn-ún 1892, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n dojú kọ Ìjẹ̀bú. Àwọn baba wa lọ dúró dè wọ́n ní odò Yemọjí. Ìgboyà wọn kò kéré, wọn kò sì ṣàìní ìbọn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim wá, èyí tó ń yìn láìdúró. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú ni ogun Ìmàgbọ́n gbé lọ.

Àwọn àgbà ní akin tó mọ akínjà, tó sì mọ akínsá, òun ni akin. Mo rántí Ìmàgbọ́n nígbàkígbà tí ẹnìkan bá ní òun ì bá ti jáde síta ní òru ọjọ́ náà pẹ̀lú àdá. Ẹni tó dá nìkan jáde sí ènìyàn márùn-ún tó ní ìbọn kò gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ là. Ó kàn fi òkú kan kún wàhálà ni. Ẹ̀bi mi kọ́ ni pé mi ò jáde. Ẹ̀bi mi ni pé mo pa iná, mo dákẹ́, mi ò sì pe ẹnikẹ́ni.

LÁTI ETÍ ÒKUN DÉ ÀDÚGBÒ WA

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní 1970, ìbọn ti pọ̀ nílùú, iṣẹ́ kò sì pọ̀. Ìdigunjalè gbilẹ̀. Ìjọba ológun ṣe òfin ní ọdún náà pé ikú ni ìjìyà adigunjalè. Ní 1971, wọ́n ń yìnbọn pa wọ́n ní gbangba ní Bar Beach ní Èkó, ọ̀pọ̀ èrò sì ń lọ wò wọ́n. Wọ́n pa Ishola Oyenusi níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Àwọn kan nínú wa ń gbọ́ orúkọ yẹn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Síbẹ̀, ní 1986, Lawrence Anini ń da Benin láàmú. Ìbẹ̀rù ìbọn ìjọba nìkan kò mú olè tán.

Kí ni àwa wá ṣe? A mọ fẹ́ǹsì gíga, a to àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀, a fi irin dí fèrèsé. Olúkúlùkù wa kọ́ odi tirẹ̀. Odi àwọn baba wa yí gbogbo ìlú ká, tiwa pín wa sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Olè tó bá ti fo fẹ́ǹsì gíga wọlé, fẹ́ǹsì náà ló ń bò ó mọ́lẹ̀ kí ará ìta má baà rí i. Irin tó dí olè mọ́ta lè dí onílé mọ́lé bí iná bá ṣẹ́ yọ.

Ní oṣù kẹrin 2020, nígbà tí ìjọba sé wa mọ́lé nítorí àrùn kòrónà, ìbẹ̀rù àwọn ọmọ ìta gba Èkó àti Ọ̀tà kan. Àwọn ọkùnrin jáde, wọ́n ń sun táyà lójú ọ̀nà, wọ́n ń ṣọ́ òru. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n gbọ́ jẹ́ àhesọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti ń gbé ládùúgbò kan náà fún ọdún pípẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ mọ orúkọ ara wọn ní àwọn òru yẹn. Ní oṣù kìíní ọdún náà gan-an ni àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ wa ti ṣe ìfilọ́lẹ̀ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ ọdẹ ìlú ni wọ́n tún gbé dìde, pẹ̀lú aṣọ àti ọkọ̀.

Òfin kò ní kí a ká ọwọ́ gbera kí wọ́n pa wá. Abala 33 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gbà pé ènìyàn lè lo agbára tó mọ níwọ̀n láti gba ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lọ́wọ́ ẹni tó ń kọlù ú. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni "níwọ̀n". Olè tó ti ń sá lọ, tàbí tí a ti mú tí a dè mọ́lẹ̀, kò kọlù wá mọ́. Ọlọ́pàá ló ni ín. Ní oṣù kẹwàá 2012, ní Aluu lẹ́bàá Port Harcourt, èrò lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, wọ́n sì dáná sun wọ́n nítorí pé ẹnìkan pariwo olè lé wọn lórí, ẹ̀sùn tí kò rí bẹ́ẹ̀. Àdúgbò tó ń dáhùn igbe gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n, kí òun náà má baà di apànìyàn. Bákan náà, ìbọn tí kò ní ìwé àṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, bó ti wù kí ìdí tí a fi rà á dára tó.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ ṢE, ÀTI OHUN TÍ MO Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Lẹ́yìn òru ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ jókòó, a sì fẹnu kò. A kọ nọ́ńbà fóònù gbogbo ilé tó sún mọ́ra wa sórí pátákó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. A ra fèrè, irú èyí tí rẹfirí máa ń fọn, fún ilé kọ̀ọ̀kan. Àdéhùn wa rọrùn: ẹni tó bá gbọ́ fèrè kò gbọdọ̀ ṣí géètì, kò sì gbọdọ̀ pa iná. Kí ó tan gbogbo iná ìta, kí ó fọn fèrè tirẹ̀, kí ó pe ẹ̀ṣọ́ àti ọlọ́pàá, kí ó sì kó ìdílé rẹ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé. A wádìí ilé àti oníduurò ọdẹ tó ń ṣọ́ wa, gẹ́gẹ́ bí oníbodè ṣe ń ṣe.

A tún fẹnu kò pé ẹni tí wọ́n bá ti nà ìbọn sí kò gbọdọ̀ jà nítorí dúkìá. Kí ó jẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀, kí ó má ṣe kánjú, kí ó má tẹjú mọ́ wọn, kí ó sì fún wọn ní ohun tí wọ́n bá béèrè. Mọ́tò ṣe é rà, ẹ̀mí kò ṣe é rà.

Ohun kan tó dùn mí jù ni pé nígbà tí a gbé ọ̀rẹ́ wa dé ilé ìwòsàn kan, wọ́n ní ká lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá ná. Apá rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, a sì ń bẹ̀bẹ̀. Àdá ló ṣá tiwa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí gbogbo yín mọ̀ pé láti 2017, òfin ti wà tó ní kí gbogbo ilé ìwòsàn tọ́jú ẹni tí ìbọn bá bà, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí. Kí a tó débẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà gidigidi, ẹ má sì gbé ọwọ́ kúrò.

Ní ọdún kéjì tí a ṣe àdéhùn yìí, fèrè dún ní òru kan. Ilé ọ̀rẹ́ mi kan náà ni. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo tan iná, mo fọn fèrè. Iná ń tàn láti ilé dé ilé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí irin fèrèsé rẹ̀ méjì tí wọ́n ti gé, a sì rí ayùn irin wọn nílẹ̀. Wọn kò wọlé. Èmi kò sọ pé fèrè ju ìbọn lọ. Mo ń sọ pé olè kì í fẹ́ ibi tí ojú ti pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọjọ́ àyájọ́. Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, mo ní kí ẹni tó bá mọ ibi tí fèrè rẹ̀ wà nawọ́. Ọwọ́ tó gòkè kò tó ìdajì. Nọ́ńbà púpọ̀ lórí pátákó ni kò lọ mọ́. Ibi tí ọgbà ti ya nìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ mi fún ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀ ni pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó aṣọ ọdọọdún, kí a fi tún nọ́ńbà kọ, kí a fi ra fèrè mìíràn, kí a sì fi iná oòrùn sí ojú títì fún gbogbo àdúgbò, yálà wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tàbí wọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ogún ọdún bá gbogbo wa láàyè, kí a má gbọ́ igbe ara wa lóru. Bí a bá sì gbọ́ ọ, kí Ó jẹ́ kí a dáhùn.